Arìnrìnàjò Tí Wọ́n Fọkàn Tán: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Dé Ibi Àyẹ̀wò Ní Pápákọ̀ Òfúrufú

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ó ṣòro kí ẹ rí ìdílé Mùsùlùmí tí kò ní ẹni tó ń lọ tàbí ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ kan wà ní Houston, ẹ̀gbọ́n wà ní Peckham, ìyá ń tọ́jú owó Úmúrà, àwọn oníṣòwò Alaba sì ń lọ sí Dubai àti Guangzhou bí ẹni ń lọ sí Badagry. Tí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà bá pe ilé, wọ́n máa ń sọ pé àwọn kì í pẹ́ lórí ìlà ní pápákọ̀ mọ́, torí pé àwọn ti gba PreCheck tàbí Global Entry. Orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Trusted Traveler, ìyẹn arìnrìnàjò tí wọ́n fọkàn tán.

Òbí tó ń múra àtilọ wo ọmọ lè rò pé ètò náà máa bo òun náà, tàbí kó máa wá ẹni tó máa bá òun gbà á nílé níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀.

Bí ìfura ṣe di òfin

Kò sí òfin kan níbi àyẹ̀wò tí kò ní ìtàn. Bàtà tí wọ́n máa ń ní kí a bọ́, ọkùnrin kan tó kó nǹkan abúgbàù sínú bàtà rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2001 ló fà á. Omi àti ìpara tí ike rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ, ète kan tí wọ́n tú fó ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹjọ ọdún 2006 ló bí i. Èyí tó kan àwa gan-an ni ti ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2009. Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ Nàìjíríà, wọ ọkọ̀ òfúrufú ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Amsterdam, ó sì gbìyànjú láti tan iná sí nǹkan abúgbàù tó fi pamọ́ sínú pátá rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà ń súnmọ́ Detroit. Kò bú bó ṣe fẹ́. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ló dì í mú. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ ṣe ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá ní oṣù tó ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kò gba físà ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, Amẹ́ríkà kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ ti orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ní kí wọ́n máa tú ẹrù àti ara àwọn èrò wọn wò fínnífínní. Àlùfáà ẹni 70 ọdún àti ọmọ ilé ìwé, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Amẹ́ríkà pa ètò orílẹ̀-èdè 14 yẹn tì, wọ́n ní ìròyìn tó bá wà nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àwọn á máa wò. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ PreCheck.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Tí ẹnì kan bá ti fi orúkọ, àdírẹ́sì àti ìka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n sì ti wádìí rẹ̀ pé kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, kò sí ìdí tí wọ́n á fi máa lo ogún ìṣẹ́jú lórí báàgì rẹ̀. Kí wọ́n yáa fi ojú yẹn wo ẹni tí wọn kò mọ̀. Lójú tèmi, èyí sàn ju kí wọ́n fi ìlú tí wọ́n ti bí ènìyàn dá a lẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ti ní ìwé tẹ́lẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ta ló lè gbà á?

PreCheck wà fún ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní green card. Owó rẹ̀ kò ju dọ́là 85 lọ fún ọdún 5. Ẹni tó bá gbà á kì í bọ́ bàtà, kì í tú ìgbànú, kì í yọ kọ̀ǹpútà alágbèéká jáde nínú báàgì. (Ní ti bàtà, ìṣògo wọn ti dínkù: láti oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ní kí gbogbo èrò máa wọ bàtà wọn kọjá ní àwọn pápákọ̀ Amẹ́ríkà.)

Global Entry ju ìyẹn lọ. Òun ni ti ẹni tó ń ti òkèèrè wọ Amẹ́ríkà. Dípò kí ó tò fún òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n, ó máa dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń ya ojú, ó sì máa kọjá. Dọ́là 120 ni fún ọdún 5, PreCheck sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń gba ìka ọwọ́, wọ́n sì máa ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ ìlú wọn lè gbà á láìjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bí Britain àti Jámánì, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan kò lè gbé ènìyàn dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ìyá tó bá fi físà ìbẹ̀wò lọ kí ọmọ rẹ̀ kò lè ní i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá màmá yín gba Global Entry ní Ìyànà-Ìbà tàbí ní orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan, owó yín ló ń wá. Bákan náà, ètò yìí kì í ṣe físà, kò sì lè sọ ẹni tí wọn kò fún ní físà di ẹni tó ní i.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í ronú kàn. Ọmọ ní PreCheck, ìyá kò ní. Wọ́n jọ fẹ́ wọkọ̀ láti Atlanta lọ sí Houston. Ní ẹnu àyẹ̀wò, ìlà á pín wọn níyà. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ lè bá òbí tó ní PreCheck kọjá, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kò lè fara mọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá tí kò gbọ́ èdè wọn dáadáa á wá dá wà láàárín àwọn tó ń pariwo pé kó gbé ọwọ́ sókè, kó yọ tinú àpò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ìlà tiyín sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ bá màmá yín tò. Ìṣẹ́jú mélòó ni?

Ẹni tó bá sì ní i gan-an, kí ó má rò pé wọn kò lè yẹ òun wò mọ́. Wọ́n ṣì máa ń ṣàdédé mú ènìyàn kan sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n sì lè gbà á padà: ní oṣù kejì ọdún 2020, nítorí aáwọ̀ lórí òfin ìwé ìwakọ̀, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ New York dúró pé wọn kò lè gba Global Entry tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Oṣù keje ni wọ́n tó ṣí i padà fún wọn. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Brooklyn àti Bronx kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn bá a lọ ni.

Ní Britain, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ wà fún ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Britain, láti oṣù keje ọdún 2023 sì ni ọmọ ọdún 10 ti lè bá àgbàlagbà lò ó. Àwa tó ní ti Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ la ṣì ń lọ.

Orúkọ yín ló ń ṣáájú yín lọ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwa Mùsùlùmí Yorùbá jù. Orúkọ kan náà, ọ̀nà mẹ́rin la fi ń kọ ọ́: Muhammed, Mohammed, Muhammad, Mohamed. Ìwé ìrìnnà ní Sherifat, tíkẹ́ẹ̀tì ní Sherifatu. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀ kọ Alhaja síbi tó yẹ kí orúkọ àkọ́kọ́ wà. Ìyàwó ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní àdúgbò, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó ń bi wá. Nínú ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi orúkọ, ọjọ́ ìbí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni èrò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, kí wọ́n fi wé ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ń pe ètò náà ní Secure Flight. Tí orúkọ yín bá jọ ti ẹnì kan tí wọ́n ń wá, bọ́ọ̀dìn pás yín lè ní lẹ́tà S mẹ́rin lára, SSSS. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ̀sùn kàn yín. Ẹ má bínú, ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ àṣàdédé. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀nà àbáyọ wà tí àwọn ènìyàn wa kò lò tó. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan tó ń jẹ́ DHS TRIP. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá jẹ́ ọmọ ìlú wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa kọ ẹjọ́ yín, ẹ máa fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín kún un, wọ́n á wá fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ ó máa fi sínú tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹni tí wọ́n ń wá. Fún ẹni tí kò lè ní PreCheck, èyí ni mo kà sí ohun tó súnmọ́ ìfọkàntán jù lọ.

Hijaabu, fìlà àti tẹ̀sùbáà

Ní àwọn pápákọ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò ní kí obìnrin ṣí hijaabu rẹ̀ kó tó kọjá nínú ẹ̀rọ. Wọ́n lè fẹ́ fọwọ́ kàn án wò lẹ́yìn náà. Obìnrin ló gbọ́dọ̀ yẹ obìnrin wò, ẹ sì lè ní kí wọ́n mú yín wọ yàrá kọ́lọ́fín, kí ẹni tiyín kan bá yín wọlé. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orí hijaabu náà, kí wọ́n wá fi aṣọ kékeré kan nu ọwọ́ yín, kí wọ́n fi wo bóyá òórùn nǹkan abúgbàù wà níbẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó na ọwọ́ sí yín. Pín-ìnnì irin tó pọ̀ lábẹ́ hijaabu ló máa ń mú ẹ̀rọ dún. Ẹ dín in kù lọ́jọ́ ìrìnàjò. Ní Ìkẹjà náà, tí ọkùnrin bá fẹ́ yẹ obìnrin wò, ẹ ní kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ obìnrin.

Kùránì àti tẹ̀sùbáà kì í fa wàhálà. Kẹ́tùlù àlùwàlá lè kọjá, ó kàn gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ẹrù tí kì í ṣe tiyín

Bí ẹ bá ka ibi kan ṣoṣo nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ ka ibí yìí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, obìnrin, gba pápákọ̀ Kano lọ ṣe Úmúrà pẹ̀lú ìyá àti àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Saudi, àwọn agbófinró wá mú un ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní báàgì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára ní tramadol nínú. Kò mọ báàgì náà rí. Ìwádìí àjọ NDLEA fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ ló lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹrù ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́rin ló lò látìmọ́lé kí ìjọba Nàìjíríà tó gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2019. Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin yẹn kan náà, Saudi pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Ikú ni ìdájọ́ wọn lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ènìyàn mẹ́ta tó gba Kano lọ sí ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n tì mọ́lé ní Jeddah nítorí báàgì tí wọn kò gbé. NDLEA tún jà fún wọn, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ ibi náà ń lò kò ju èyí lọ: tíkẹ́ẹ̀tì yín gba báàgì méjì, ẹ̀yin sì gbé ọ̀kan. Àyè kejì tó ṣófo ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù sílẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n bá fún yín. Báàgì kan, ìwé kan. Tí ìwé bá ju báàgì lọ, ẹ má kúrò níbẹ̀, ẹ pariwo. Ẹ ya fọ́tò báàgì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn àti ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Tí wọ́n bá fi orúkọ yín lọ̀ yín, ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Èkejì ni ẹrù tí ẹ fọwọ́ ara yín gbà. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú gààrí àti ẹja yìí fún ọmọ mi, ó máa wá gbà á ní pápákọ̀." Ojú a máa ti ènìyàn láti kọ̀ fún aládùúgbò tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan. Ẹ kọ̀. Tí kò bá ṣeé kọ̀, ẹ ní kó tú u sílẹ̀ lójú yín, kí ẹ fúnra yín dì í padà. Olóòótọ́ kò ní bínú sí ìyẹn. Tí ó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Oògùn tí dókítà kọ fún yín náà, ẹ gbé e nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Ẹ má kó oògùn ara ríro tí ẹ rà ní kẹ́míìsì láìní ìwé dání lọ sí Saudi. Tramadol tí àwọn kan ń lò nílé bí ẹni ń lo panadó lè sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n lọ́hùn-ún.

Oúnjẹ tó lè gba ìfọkàntán lọ́wọ́ ọmọ yín

Òṣìṣẹ́ ààlà Amẹ́ríkà máa ń béèrè bóyá oúnjẹ, ewé, èso tàbí ẹran wà nínú ẹrù. Ẹ sọ òtítọ́. Ẹja gbígbẹ fún ara ẹni sábà máa ń kọjá tí ẹ bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹran, ì báà jẹ́ súyà, kílíṣí tàbí ẹran gbígbẹ, wọ́n máa gbà á. Ìgbín ni kí ẹ má tilẹ̀ dán wò: ní oṣù keje ọdún 2014, wọ́n rí ìgbín ààyè 67 nínú ẹrù kan tó ti Nàìjíríà dé Los Angeles, wọ́n sì sun gbogbo rẹ̀ níná, torí pé ó ń ba oko àti ilé jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á kàn gba ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sẹ́, owó ìtanràn ni. Tó bá sì jẹ́ ọmọ tó ní Global Entry ló gbé ẹrù màmá dání láìjẹ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n lè gba Global Entry náà padà, ó sì lè má rí i gbà mọ́.

Owó náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé owó tó ju dọ́là 10,000 lọ jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè. Gbígbé e kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ní Ìkẹjà ńkọ́?

Pápákọ̀ Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1979, tí wọ́n sì kọ́ ilé kejì rẹ̀ parí ní oṣù kẹta ọdún 2022, kò ní ìlà arìnrìnàjò tí wọ́n fọkàn tán. PreCheck ọmọ yín kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó dé láti ọdún 2024 ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ ti Ìmígíréṣọ̀n fún àwọn tó ń wọlé, tó ń ka ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló ń yẹ̀ wò. Ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ FAAN, aṣọ́bodè àti NDLEA.

Àwọn kan á wá bá yín níta pé àwọn máa mú yín kọjá láìtò. Ẹ má fún wọn ní ìwé ìrìnnà yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ ẹrù yín lọ síbi tí ojú yín kò tó. Òṣìṣẹ́ tó bá ń ní kí ẹ "ṣe bó ṣe yẹ" kí ó tó ti báàgì yín, ẹ ní kó fún yín ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Fún àwọn onílẹ̀ mímọ́, ìfọkàntán irú tiwọn wà ní ibòmíràn. Láti ọdún 2017 ni Saudi ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Mẹ́kà, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń wá sí pápákọ̀ orílẹ̀-èdè alálàájì láti ṣe gbogbo ètò ìwọ̀lú níbẹ̀. Tí alálàájì bá dé Jeddah tàbí Medina, ó kàn máa wọ bọ́ọ̀sì ni, ẹrù rẹ̀ á bá a ní ilé tí ó máa sùn. Malaysia, Indonesia àti Pakistan wà nínú rẹ̀, Côte d'Ivoire sì wọ̀ ọ́ ní ọdún 2023. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀ nígbà tí Abidjan wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alálàájì tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ dáadáa. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn alálàájì máa bi àjọ NAHCON nìyẹn.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má fi omi Samusamu sínú báàgì tí ẹ gbé sílẹ̀. Pápákọ̀ Saudi ń ta á nínú ike lítà 5 tí wọ́n ti dì fún ìrìnàjò. Èyí nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ó ku ọ̀nà. Láti Òkókómáíkò, ẹ lè gba Ìyànà-Ìbà bọ́ sí Ìgandò kí ẹ gba ọ̀nà Ìṣẹ̀rì jáde, tàbí kí ẹ gba Mile 2 lọ sí Oṣòdì. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Mile 2, Marina ló ń lọ, kì í ṣe pápákọ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìyànà-Ìbà kò mọ ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ọkọ̀ yín bá máa gbéra ní aago 11 alẹ́, ẹ ti kúrò nílé kí aago 3 ọ̀sán tó lù. Ẹ lè kírun Alaasari ní Ìkẹjà.